Obìnrin Tó Dá Ẹ̀rọ Rẹ̀ Padà sí Bó Ṣe Wà

Obìnrin kan wà ní ìlú kan ní apá Òkè-Ògùn, Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. Àìsàn ti gba ìríran lójú rẹ̀ láti kékeré, débi pé kò rántí bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe rí. Ẹ má tí ì káàánú rẹ̀, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín.

Iṣẹ́ ìròyìn ló ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan wà nílùú náà tó máa ń ka ìròyìn fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣòwò agbègbè náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìròyìn fi ń wọlé, Ìbídùn ló ń sọ ọ́ di Yorùbá. Kì í kàn túmọ̀ rẹ̀ ṣákálá. Ó máa ń wá ọ̀rọ̀ tí ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí kò ní bi ẹnikẹ́ni pé, "Kí ni wọ́n wí?" Àwọn tó ń kàròyìn lórí afẹ́fẹ́ fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ ló máa ń pé. Ẹni tó bá ń ka ohun tí Ìbídùn kọ kò ní pe ọkọ́ àgbẹ̀ ní ọkọ̀ awakọ̀.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré kan ló fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríran ló fún un lọ́jọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju ìwé orin ìjọ lọ. Ó ti gbó, igun rẹ̀ kan ti là, Ìbídùn sì fi rọ́bà dè é. Ṣùgbọ́n ètò tó ń mú un ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹ̀rọ tí ẹ ń rí ní ọ́fíìsì. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà ló yan ètò kan tó fúyẹ́, tó sì ń sọ̀rọ̀, wọ́n fi sínú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá wà lójú ẹ̀rọ, ohùn kan yóò kà á síta. Bí Ìbídùn bá tẹ lẹ́tà, ohùn náà yóò dárúkọ lẹ́tà ọ̀hún àti àmì tó wà lórí rẹ̀: "o, ohùn ìsàlẹ̀", "e, ohùn òkè". Imú ni ohùn náà fi ń sọ̀rọ̀, kò dùn létí àlejò rárá. Ìyẹn kò kan Ìbídùn. Ó ń kà, ó ń kọ, ó ń tún un kà, ó ń fi ránṣẹ́, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé. Ẹ̀gbọ́n yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, nítorí bó bá jẹ́ ènìyàn burúkú ni, ìtàn yìí ì bá tètè parí. Òun ló mú Ìbídùn lọ sílé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ẹbí ní kí wọ́n jẹ́ kó máa jókòó sínú yàrá. Òun ló ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ onírọ́bà yẹn ń tì í lójú. Bí àlejò bá wá, tí ohùn onímú náà bá ń dún nínú yàrá Ìbídùn, á lọ ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí Ìbídùn ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ bá a tún igun tó là ṣe. Ó gbé e lọ bá oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan. Nígbà tó gbé e padà dé, igun náà ti dì, ara ẹ̀rọ ń dán, wọ́n sì ti yọ ètò àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n ti fi èyí tí gbogbo ayé ń lò rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pe àwọn ará ilé jọ sí pálọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà lé Ìbídùn lọ́wọ́.

"Ẹ̀rọ rẹ ti di ẹ̀rọ gidi báyìí," ó wí. "O ti dọ́gba pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ."

Ìbídùn tan án. Orin kékeré kan dún, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ó tẹ lẹ́tà kan. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tẹ òmíràn.

"Kò sọ̀rọ̀," ó wí.

"Yóò sọ̀rọ̀. Oníṣẹ́ ní ohùn wà nínú eléyìí náà, ó tilẹ̀ dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Lóòótọ́ ni ohùn wà níbẹ̀. Wọ́n wá a títí wọ́n fi rí i. Ohùn obìnrin kan tó já gaara ni. Ṣùgbọ́n ètò tuntun yìí wúwo, ẹ̀rọ náà sì kéré. Bí Ìbídùn bá tẹ odidi gbólóhùn kan tán, ìgbà náà ni ohùn obìnrin yẹn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dárúkọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Bó bá kan lẹ́tà tó ní àmì lórí, á fò ó bí ẹni tó rí ẹrẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ náà á dì pa, kò ní lọ síwájú, kò ní padà sẹ́yìn.

"Àwọn iṣẹ́ mi àtẹ̀yìnwá ńkọ́?" Ìbídùn béèrè. "Gbogbo ìròyìn tí mo ti túmọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́?"

"Oníṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ lásán ló kún ibẹ̀, kò sí fọ́tò kankan. Ó ti pa wọ́n rẹ́ kí àyè lè wà."

Ìbídùn gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló dúró yí i ká, ó sì ń gbọ́ ayọ̀ nínú ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá ọ̀nà àbáyọ. Obìnrin yìí kì í pe Ìbídùn lórúkọ, nítorí pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Awẹ́lẹ́wà ló sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti dé ilé ọkọ. Ó ní, "Awẹ́lẹ́wà, ẹ má dààmú ara yín. Èmi á máa kà á fún yín. Bí ẹ bá ti túmọ̀ rẹ̀ tán lẹ́nu, èmi á tẹ̀ ẹ́."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ di ẹni tó ń jókòó sí pálọ̀, tó ń káwọ́ lé itan, tó ń retí ìgbà tí wọ́n á ráyè gbọ́ tirẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n á dé láti ilé ìdáná, á nuwọ́, á kà díẹ̀, á padà lọ ro ọbẹ̀, á tún dé.

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà kan níbí. Ó jọ pé ìjọba fẹ́ tún un ṣe."

"Kí ni wọ́n sọ gan-an, Àǹtí mi?"

"Ohun tí mo sọ yẹn náà ni."

Ìbídùn á túmọ̀ ohun tí wọ́n bá fún un. Àmì orí ọ̀rọ̀ kò sí mọ́, nítorí ìyàwó ẹ̀gbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń kàròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rédíò pè é, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ó ní ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ṣé kò ní dára kó máa sinmi, kó wulẹ̀ máa yọjú nígbà tí wọ́n bá ní àlejò? Ìbídùn dáhùn pé kò rẹ òun. Nígbà tó délé, ó gbọ́ tí àwọn aládùúgbò ń yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kò sí irú rẹ̀ láyé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá òun ni aláìmoore.

Ní ìgbà òjò ọdún náà, àwọn tó ń bójú tó dáàmù tó wà lókè odò fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí rédíò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n kà á fún Ìbídùn nígbà tí epo wà lórí iná.

"Wọ́n ní omi dáàmù ti kún, wọ́n máa tú u sílẹ̀ lọ́la. Kí àwọn tó wà létí odò kó ẹrù àti ẹran wọn kúrò."

"Àwọn abúlé wo ni wọ́n dárúkọ?"

"Abà Alápò, Abà Onígbìn, àti àwọn yòókù."

"Àwọn wo ni yòókù?"

"Awẹ́lẹ́wà, ẹ jọ̀ọ́, epo mi ń jó. Àwọn tó wà létí odò ni, wọ́n á mọ ara wọn."

Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn náà ṣe lọ. Àwọn tó wà létí odò gbọ́, wọ́n kẹ́rù. Ṣùgbọ́n abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ẹmi, tí kò sí létí odò rárá. Omi kò dé ibẹ̀ rí. Wọ́n gbọ́ ìròyìn náà, wọ́n ní kò kan àwọn, wọ́n sùn. Omi gba ojú ìṣàn kékeré kan padà sẹ́yìn, ó wọ abúlé náà kí ilẹ̀ tó mọ́. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kankan kò bọ́. Ṣùgbọ́n omi gbé àgbàdo wọn lọ, ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ sì kú.

Àgbẹ̀ kan láti Ìdí-Ẹmi wá sí ilé-iṣẹ́ rédíò. Ẹrẹ̀ ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ìbídùn ń gbọ́ bó ṣe ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ti ń bọ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó kọ ìròyìn dáàmù.

"Èmi ni, bàbá," Ìbídùn wí.

"Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní dáàmù sọ fún mi pé orúkọ abúlé wa wà nínú ìkìlọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ṣé òótọ́ ni?"

Ìbídùn la ẹnu. "N kò mọ̀, bàbá."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ ò sì mọ̀?"

Àgbẹ̀ náà kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Ó kàn dúró bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ṣàlàyé fún òun. Nígbà tí àlàyé kò dé, ó yípadà, ó lọ.

Ìtìjú ni Ìbídùn gbé kúrò ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Nínú mọ́tò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tù ú nínú pé kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi, pé gbogbo ènìyàn ló mọ ipò tó wà. Gbólóhùn yẹn ló yí ọkàn rẹ̀ padà. Ipò wo? Ó ti ń ṣiṣẹ́ yìí bọ̀ láti ọdún pípẹ́, kò sí ẹni tó fi ipò rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un rí. Kí wọ́n tó délé, ìtìjú náà ti di ìbínú.

Ó pe ẹni tí wọ́n jọ lọ sílé-ẹ̀kọ́, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mùdáṣírù. Òun náà kò ríran, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú mìíràn. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Ṣé kí n bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀?" Mùdáṣírù béèrè.

"N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ètò tó wà nínú ẹ̀rọ mi tẹ́lẹ̀ ni mo fẹ́."

Mùdáṣírù rẹ́rìn-ín. "Ó wà lọ́wọ́ mi. Màá fi sínú fíláàṣì, màá fi rán awakọ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ yín. Gbọ́, kò gba ojú rárá. Ti fíláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, tan ẹ̀rọ, kí o sì máa tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn lórí ìlà òkè léraléra. Bí o bá gbọ́ 'píì', tẹ lẹ́tà s, lẹ́yìn náà tẹ Enter kó máa lọ. Láti ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀."

"Píì yẹn nìkan ni màá gbọ́?"

"Òun nìkan ni. Ṣùgbọ́n, Ìbídùn, kì í ṣe pé à ń lẹ nǹkan mọ́ nǹkan o. Gbogbo ohun tí wọ́n kó síbẹ̀ ni yóò parẹ́. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, kò sí àbọ̀."

"Wọ́n ti pa tèmi rẹ́ ṣáájú," Ìbídùn dáhùn.

Kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Nígbà tí fíláàṣì dé ọwọ́ rẹ̀, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójúkojú, ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó dun ẹ̀gbọ́n wọra. Ó ní kò ní ṣẹlẹ̀ nínú ilé òun. Ó ránṣẹ́ pe àbúrò bàbá wọn, tó jẹ́ àgbà ẹbí, pé kó wá bá òun pe Ìbídùn jókòó.

Wọ́n jókòó ní pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àgbà ẹbí jókòó sórí àga ńlá. Ìbídùn gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání wọlé, ó gbé e ka orí tábìlì tó wà láàárín wọn.

"Ìbídùn," àgbà ẹbí bẹ̀rẹ̀, "wọ́n ní o fẹ́ ba ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe fún ọ jẹ́."

"Mo fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà ni, bàbá."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kó dáhùn. "Ṣé mo ṣe é láti fi ni ọ́ lára ni?"

"Rárá, bọ̀ọ̀dá mi."

"Ṣé ìyàwó mi kì í kà á fún ọ?"

"Wọ́n ń kà á."

"Ṣé n kì í gbé ọ lọ, kí n gbé ọ bọ̀? Kí ló wá kù?"

"Èmi ló kù," Ìbídùn wí.

Àgbà ẹbí wúkọ́. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n òun mọ oore bí òun bá rí i. Ó ní kí Ìbídùn kúnlẹ̀, kó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí gbogbo wọn jẹun.

Ìbídùn kúnlẹ̀. Inú àgbà ẹbí dùn, ó ti rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

"Bọ̀ọ̀dá mi," Ìbídùn wí, "ẹ ṣeun tí ẹ mú mi lọ sílé-ẹ̀kọ́ nígbà tí gbogbo ènìyàn ní kí ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ ṣeun ilé tí mò ń gbé, ẹ ṣeun mọ́tò tí ẹ fi ń gbé mi. Bí mo bá gbàgbé, kí Ọlọ́run má gbàgbé. Ṣùgbọ́n n kò ní bẹ̀ yín lónìí, nítorí n kò ṣẹ̀ yín."

Lórí ìkúnlẹ̀ náà, ó fa ẹ̀rọ súnmọ́ ara rẹ̀. Ó fọwọ́ wá ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti fíláàṣì bọ̀ ọ́. Ó tan ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì tí Mùdáṣírù sọ. Ó ń tẹ̀, ó ń tẹ́tí.

Orin kékeré yẹn ló dún. Ètò tuntun ti wọlé.

"Ṣé o ti rí i?" Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. "Ohun tí n kò fẹ́ nìyí. Dìde, jàre."

Ìbídùn pa ẹ̀rọ náà. Ó tún un tàn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró kí iná rẹ̀ tó tàn tán kó tó máa tẹ bọ́tìnnì náà. Ó sún etí mọ́ ẹ̀rọ náà.

Píì.

Ó tẹ lẹ́tà náà, ó ní kó máa lọ. Ó dúró. Kò sí nǹkan. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bóyá òun ṣì í tẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ohùn onímú kan sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ náà, ó béèrè èdè tó fẹ́ kí òun máa fi bá a sọ̀rọ̀.

Ìbídùn kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò nù ún. Ó ń dá ohùn náà lóhùn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ìka rẹ̀ ń yára sí i. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ohùn náà ń sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sì ń sọ ọ́, tí gbogbo wọn fi ń gbọ́. Ó débì kan, ó dúró. Ó ní gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yìí ni yóò parẹ́, kò sì ní ṣeé dá padà. Ṣé kí òun máa bá a lọ?

"Má tẹ̀ ẹ́," ẹ̀gbọ́n wí.

Ìka Ìbídùn wà lórí bọ́tìnnì.

"Ìbídùn, mo ní o má tẹ̀ ẹ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, má retí pé n ó tún ṣe nǹkan kan fún ọ mọ́."

Ẹ mọ̀ pé kò rọrùn, Màmá. Láyé, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló fọkàn tẹ̀ jù. Òun ló ń kìlọ̀ kòtò fún un nígbà tí wọ́n jọ ń rìn lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ìgbà tó bá ní kó dúró, ó máa ń dúró. Ṣùgbọ́n ó tún ń gbọ́ ohùn àgbẹ̀ Ìdí-Ẹmi tí kò pariwo. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ ò sì mọ̀?

Ó tẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ náà pẹ́. Àgbà ẹbí dìde, ó bá tirẹ̀ lọ láìjẹun. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọ ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n kò dìde. Ìbídùn wà lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kú, ó ń dáhùn ohun tí ohùn náà bá béèrè. Nígbà tó parí, ó fi fóònù rẹ̀ so ẹ̀rọ náà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó wá ìkìlọ̀ àwọn tó ń bójú tó dáàmù jáde, ó sì ní kí ohùn náà kà á.

Ohùn onímú náà kà á. Ó dárúkọ Abà Alápò. Ó dárúkọ Abà Onígbìn. Ó dárúkọ Ìdí-Ẹmi. Ó sì kà á síta pé kí àwọn ará Ìdí-Ẹmi má ṣe rò pé àwọn jìnnà sí odò, nítorí omi yóò gba ojú ìṣàn padà bá wọn.

Abọ́ kan bọ́ nílé ìdáná. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Awẹ́lẹ́wà, n kò kà á débẹ̀. Mo rò pé…"

"Mo mọ̀, Àǹtí mi. Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ máa kà á fúnra mi."

Ìbídùn kọ ìròyìn mìíràn lọ́jọ́ kejì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n fi orúkọ Ìdí-Ẹmi ránṣẹ́, pé ọ̀dọ̀ ẹni tó túmọ̀ ìròyìn ni orúkọ náà ti sọnù, pé ilé-iṣẹ́ rédíò bẹ àwọn ará abúlé náà. Ọ̀gá ní àwọn kò lè ka irú èyí, pé yóò ba àwọn lórúkọ jẹ́. Ìbídùn ní bí wọn kò bá kà á, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò kọ ìròyìn ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kà á. Ẹran àgbẹ̀ náà kò jí dìde. Àgbẹ̀ náà kò sì wá dúpẹ́, kò sí ohun tó fẹ́ dúpẹ́ fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹlòmíràn bá tún wá béèrè lọ́wọ́ Ìbídùn pé ṣé báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́, ó ní ìdáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Kò gbé e síbi iṣẹ́ mọ́. Ìbídùn ń gun ọ̀kadà. Òjò pa á, oòrùn pa á, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, apá rẹ̀ bó. Iṣẹ́ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá tí oníṣẹ́ pa rẹ́ kò padà mọ́ láéláé. Ilé náà tutù sí i fún ìgbà pípẹ́. N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo wọn dì mọ́ ara wọn lọ́jọ́ kejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ẹ̀gbọ́n ń kọjá lẹ́nu yàrá rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn onímú náà. Ìbídùn ti jẹ́ kó máa yára bó ṣe fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ ń já lu ara wọn bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, etí ẹ̀gbọ́n kò sì mú ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o ń gbọ́ ohun tó ń sọ?" ó béèrè.

"Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, bọ̀ọ̀dá mi."

Ẹ̀gbọ́n dúró níbẹ̀ títí ohùn náà fi ka ìròyìn kan dé òpin. Kò sọ pé òun ṣì í ṣe. Títí di òní, kò tí ì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn.

Ó dáa, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹ wá bi mí léèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹ kúrò nílé ọmọ yín ní Ìbàdàn, kí ẹ padà sí ìlú yín, kí ẹ tún ilé ìgbẹ̀bí yín ṣí. Ẹ ní ó ń fún yín ní ẹran jẹ, ó ra bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀ fún yín, kò sì jẹ́ kí ẹ gbá ilẹ̀. Ẹ ní bí aláboyún bá pè yín lórí fóònù, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e, tó ń sọ pé Màmá ń sinmi. Ẹ ní gbogbo ìjọ ń sọ pé ẹ bímọ re. Ẹ sì ń sunkún nílé ìwẹ̀.

Ọmọ yín kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀gbọ́n Ìbídùn náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Oore ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọwọ́ méjèèjì yín gba ọmọ gbogbo àdúgbò yẹn, wọ́n fi yín síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kí ẹ máa yọ̀. Ẹ kò yọ̀, ẹ wá rò pé aláìmoore ni yín. Ẹ kì í ṣe aláìmoore. Ẹ̀yin lẹ kù nínú ọ̀rọ̀ náà.

N kò ní kí ẹ bú u. Ẹ pe ọmọ yín jókòó, ẹ dúpẹ́ dáadáa, ẹ dárúkọ ohun gbogbo tó ṣe. Bó bá wá kan ibi tí wọ́n á ti ní kí ẹ bẹ̀bẹ̀, ẹ má bẹ̀. Ó lè bínú. Ó lè pẹ́ kó tó wá wò yín. Ẹ máa bá òrùlé tó ń jò, ẹ máa bá àwọn aláboyún tó ti wá ibòmíràn lọ, ẹ̀yìn á máa dùn yín. Gbogbo rẹ̀ kò ní padà bó ṣe wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan bá ń rọbí ládùúgbò yẹn tó sì pè yín, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó gbé fóònù.

Ẹ lọ di ẹrù yín. Ọkọ̀ àárọ̀ tó ń lọ sọ́nà ìlú yín máa ń tètè kún. Ẹ rí i pé ẹ tètè jí.